Ọrùn Gìtá Oyèlàkin

"Okùn dídẹ̀ kọ́ ni ohùn àgbà, ọrùn gìtá ni kó gùn."

Ẹ máa ń pa òwe yìí, mo sì máa ń gbọ́ yín. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan na ọmọ rẹ̀, ó ní òun kò ní dẹ okùn fún un, ó bá pa òwe náà. Ọkùnrin kan ń fi ọlọ́rùn gígùn ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà fà á yọ. Hàbà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń pa òwe nìyẹn? Kí ló pa gìtá àti àgbà pọ̀? Kí ló kan ọrùn nínú ọ̀rọ̀ ohùn? Ẹni tí kò bá mọ̀, kó bi àwa tí a dàgbà ní Ìdí-Àgbálùmọ̀. Ẹ jókòó. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ.

Oyèlàkin ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó fún àdúgbò wa lórúkọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, gìtá ló kàn. Gìtá àlòkù ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, ó fi àtè dí i. Kò tíì gbéyàwó nígbà náà, bàbá rẹ̀ sì ti kú tipẹ́, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ìyá Oníkíjìpá là ń pe ìyá náà, nítorí kò sí obìnrin tó mọ kíjìpá hun tó o ní gbogbo agbègbè wa.

Ní àràárọ̀, Oyèlàkin a dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀, ìyá a sì fi oríkì kí i káàárọ̀:

"Àkàngbé, ọmọ aláṣọ tí òtútù ń sá fún,
Ọmọ òwú tó là, tí oko ń rẹ́rìn-ín,
Ọmọ ẹni tó faṣọ bo àlejò kó tó bi í léèrè orúkọ."

Bí ìyá bá kì í dé ìdí ẹsẹ kan, a dúró. Oyèlàkin a ní, "Ẹ ẹ́, ìyá mi, mo wà níbí." Ìgbà náà ni ìyá yóò tó bá a lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn. Ẹni tí a bá ń kì gbọ́dọ̀ máa dáhùn. Bí a bá ki èèyàn tí kò dáhùn, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti kúrò nílé.

Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, etí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í di. Kò di tán o. Ohùn tó ròkè ló kọ́kọ́ sá lọ: ẹyẹ, òròmọdìyẹ, ọmọdé tó ń sunkún, agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn tó wálẹ̀ ṣì ń wọlé: ààrá, odó, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Ohùn Oyèlàkin ní tirẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni, tín-ín-rín ló rí. Ìyá a kì í, a dúró, a tẹ́tí. Oyèlàkin a dáhùn, ìdáhùn náà kò ní dé etí rẹ̀. A bá tún pariwo, ẹ sì mọ̀ pé bí a bá ṣe ń pariwo tó ni ohùn ń ròkè sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọgun títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ síta. Ìyá kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú tó le ló rí.

"Àkàngbé," ni ìyá wí, "ṣé èmi lò ń jágbe mọ́? Bí oríkì mi bá ti sú ọ, ò bá ti sọ."

Láti ọjọ́ náà, kò kì í mọ́. Oyèlàkin a dọ̀bálẹ̀, ìyá a fọwọ́ kàn án lórí, ó parí. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń kì, ẹ kò lè mọ bó ṣe ń dunni tó. Ohun tó ń ba Oyèlàkin lẹ́rù ni kí ìyá òun má lọ kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ òun kọ̀ láti dá òun lóhùn.

Ó wá ń lá àlá kan lemọ́lemọ́. Lójú àlá, ó jókòó sí etí odò, ìkùukùu bolẹ̀, gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí ọrùn gìtá náà pin sí nínú ìkùukùu. Bó bá ti fọwọ́ kan okùn, ohùn kan a jáde bí omi tó ń kùn lábẹ́ àpáta, ìyá rẹ̀ lódìkejì odò a sì gbórí sókè. Bó bá jí, ohùn náà a ṣì máa dún nínú àyà rẹ̀.

Ó sọ fún Sùnmọ́nù káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé gìtá tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lòun ń wá, òun sì gbọ́ pé wọ́n ń tà á nílùú ńlá.

"Owó ta lo fẹ́ fi rà á?" Sùnmọ́nù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣebí o ní gìtá. Dẹ okùn rẹ̀! Okùn tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni."

Oyèlàkin dẹ okùn. Lóòótọ́, ohùn wálẹ̀, ṣùgbọ́n okùn wá ń na ara wọn mọ́ igi, jàà-jàà-jàà. Ó gbé e dé iwájú ìyá rẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ ìyá lé e. Àánú gìtá ṣe ìyá.

"Kí ló ń ṣe é? Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Fún un ní àgbo mu."

Ọyẹ́ dé. Ẹ mọ bí àdúgbò ṣe máa ń rí láàárọ̀ ọyẹ́, bí ẹni pé wọ́n da ẹfun sí afẹ́fẹ́, tí èèyàn kò ní mọ̀ bóyá òun ti jí tàbí òun ṣì ń sùn. Oyèlàkin jáde, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi orí ti òpó tí wọ́n so wáyà ìsáṣọ mọ́, ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá yín ń kùn," ni ìyá wí. "Bó ṣe máa ń kùn bó bá ń ti oko bọ̀."

Oyèlàkin rò pé ìyá òun ti ń ṣarán, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ kí ó má bàa já ìyá kulẹ̀, òun náà gbé etí lé òpó. Háà! Ohùn inú àlá rẹ̀ ló gbọ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń lu wáyà, wáyà ń kùn, òpó sì ń gbé e wá sí etí wọn.

Ó wojú òkè. Wáyà méjì ló wà níbẹ̀, láti ara ìdì kan náà ni wọ́n ti gé wọn. Ọ̀kan kúrú, ó ti ara ògiri ilé ìdáná dé ìdí ìbẹ́pẹ. Èkejì gùn, ó ti ara òpó lọ títí dé ìdí máńgòrò. Ó fi ìka ta èyí tó kúrú: tín-ín! Ó ta èyí tó gùn: dùùù. Kò sí èyí tó dẹ̀ nínú méjèèjì.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ káfíńtà. "Sùnmọ́nù! Ọrùn ni! Ọrùn gìtá ni kó gùn!"

Sùnmọ́nù ronú sí i, ó gbà. "Ṣùgbọ́n igi tútù á tẹ̀ bí okùn bá fà á. Igi tó gbẹ dénú, tó le, tó tọ́ lo nílò. Èyí tí mo gé sílẹ̀ kò ní gbẹ títí di ọyẹ́ tó ń bọ̀."

"Ọyẹ́ tó ń bọ̀? Ta ló mọ ẹni tí yóò bá a láyé?"

Igi náà wà nílé ní gbogbo ìgbà yìí. Apasà ìyá ni, pákó gígùn pẹlẹbẹ tó fi ń lu òwú mọ́ra lórí òfì láti ìgbà ọmọge. Ó gùn ju apá ọkùnrin lọ, ó ń dán, ó le bí irin. Ara ògiri ló fi í tì láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Oyèlàkin a dúró níwájú rẹ̀, a tún kúrò. Báwo ni yóò ṣe tọrọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè mú dé etí ẹni tó ni ín?

"O ń wo apasà mi bí ajá tó rí egungun," ni ìyá wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Oyèlàkin gbé gìtá wá, ó fi apasà lé ọrùn rẹ̀, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe bí ọrùn náà yóò ṣe gùn tó. Ìyá wò ó títí.

"Nílé wa, ọmọbìnrin ni apasà ń tọ̀ lọ. Èmi kò bí obìnrin. Mo ti ní kí wọ́n gbé e tì mí nínú pósí." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ lọ hun lọ́run? Mú un. Ṣáà má fi dáná."

Sùnmọ́nù yọ ọrùn àtijọ́ kúrò, ó fi apasà rọ́pò rẹ̀. Oyèlàkin tú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, ó lọ́ ọ pọ̀ di okùn tó nípọn, ó fà á le dáadáa. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, gbogbo àdúgbò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Gìtá àgùnfọn là ń pè é. Èmi náà wà lára àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèlàkin dọ̀bálẹ̀, ìyá fọwọ́ kàn án lórí. Dípò kó dìde kó máa lọ, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ìdí gìtá ti igi bẹ́ẹ̀dì tí ìyá fara tì, ó sì ta okùn. Okùn kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a bá Sùnmọ́nù wá wòran lẹ́nu ọ̀nà mọ ohun tó wí: Ẹ ẹ́, ìyá mi, mo wà níbí.

Pákò dúró lẹ́nu ìyá.

"Ta nìyẹn?"

Mo wà níbí.

"Àkàngbé?"

Ẹ ẹ́, ìyá mi.

Ìyá yọ pákò lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí yàrá tó ti wà ní títì tipẹ́. "Àkàngbé, ọmọ aláṣọ tí òtútù ń sá fún..." Ó dúró. Gìtá dáhùn. "Ọmọ òwú tó là, tí oko ń rẹ́rìn-ín..." Gìtá dáhùn. Kò lè ka ẹsẹ kẹta mọ́. Ó di gìtá náà mú lọ́rùn, níbi tí apasà ti dán nítorí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé gbogbo ìgbà yẹn lo ti ń dáhùn?"

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi.

Sùnmọ́nù fi fìlà nu ojú, kò tiẹ̀ fi pa mọ́. "Èmi ni mo ní kó dẹ okùn," ló ń wí. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi gbọ́ o. Okùn dídẹ̀ kọ́ ni ohùn àgbà!" Àwa tí a ti ń ṣe yẹ̀yẹ́ la bá a parí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi òwe yìí na ọmọ mọ́, ẹ má sì fi bú ọlọ́rùn gígùn. Bí ẹni tó bí yín bá pè yín, tí ìdáhùn yín kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un bí okùn tó dẹ̀. Ẹ fi kún ara yín títí ẹ ó fi gùn dé ibi tó wà. Okùn dídẹ̀ kọ́ ni ohùn àgbà. Ọrùn gìtá ni kó gùn.