Òjòlá Tó Rán Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Lọ Rìn

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì lẹ̀ mọ́ ara, tí ẹranko lè yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹní bọ́ bàtà, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sá a sóòrùn, kí ó sì tún un wọ̀, Òjòlá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ tó ki, tó ní èékánná dúdú bí èkùrọ́ ni. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, bí ó bá lé etu, etu kì í ráyè wẹ̀yìn. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Awọ́nríwọ́n, ni wọ́n jọ máa ń sáré lọ sódò láàárọ̀, tí wọn á sì padà sílé kí ìrì tó gbẹ.

Ṣùgbọ́n oyè dé. Wọ́n fi Òjòlá jẹ Balógun igbó, àwọn ẹranko sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá kí i. Ẹni tí oúnjẹ ń bá nílé, kí ló tún fẹ́ máa lé kiri? Ó ń jẹ, ó ń sùn. Bí ó bá jí, á tún jẹ.

Ikùn yọ. Nígbà tó yá, ikùn náà ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Òjòlá kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, àfi tí ó bá yọ wọ́n. Bí ó bá rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọ̀pẹ tó wà níwájú ilé, á dúró, á máa mí gúlegúle. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó, á gbójú sókè, á ní ọ̀pẹ lòun ń wò bóyá ó ti so.

Ọ̀rọ̀ náà ká Awọ́nríwọ́n lára. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, ó fi mú un lọ sọ́dọ̀ Àkàlà. Àkàlà ni oníṣègùn igbó náà, ẹyẹ ńlá dúdú tí ó ní ìyẹ́ ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ràn àtimáa fi ẹsẹ̀ rìn. Òjòlá ti ń retí àgbo. Ó tilẹ̀ gbé ìkòkò dání.

Àkàlà tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó fetí sí èémí rẹ̀, ó ní àìsàn kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ó ti ń yọjú láti ojú fèrèsé.

"Balógun, n kò ní ewé kankan já fún yín," Àkàlà wí. "Ẹ dín oúnjẹ kù. Ní àràárọ̀, kí ẹsẹ̀ yín rìn dé odò, kí ó sì rìn padà. Oògùn yín nìyẹn."

Òjòlá gbé ìkòkò òfìfo rẹ̀ padà sílé, inú rẹ̀ kò dùn. Irú oníṣègùn wo ni kì í já ewé?

Síbẹ̀, ó ní òun máa ṣe é. Ó sì ránṣẹ́ pe gbogbo igbó kí wọ́n wá gbọ́ pé òun máa ṣe é. Ó gé ọ̀pá ìrìn, ó fá a títí ó fi ń dán. Ó ní kí Ẹ̀gà hun fìlà koríko fún òun nítorí ìrì. Fìlà náà kò bá orí rẹ̀ mu, ìrìn sì ní láti dúró de òmíràn. Nígbà tí èyí tó bá a mu dé, ó ní kò dára kí ènìyàn fi oúnjẹ sílẹ̀ láìdágbére fún un. Ó dágbére fún ẹran. Ó dágbére fún ẹyin àparò. Ó wá rántí pé ìdágbére tí òun ṣe fún ẹran kò tó, ó tún padà lọ ṣe é.

Ní àárọ̀ tí ìrìn yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìrì pọ̀. Lọ́jọ́ kejì ìrì kò sí, ó ní ilẹ̀ ti le jù. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, Òjòlá sì ní a kì í bẹ̀rẹ̀ ohun rere láàárín ọ̀sẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé, ó ní oṣù tuntun ló kù díẹ̀ kó lé, kí òun kúkú dúró dè é.

Gbogbo àkókò yẹn, Awọ́nríwọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, ó ń lọ sódò. Lọ́jọ́ kan Òjòlá pè é, ó bi í léèrè ohun tí ó ń lò tí ara rẹ̀ fi ń gbà láti dìde. Ó ti dá a lójú pé àbúrò òun ní oògùn kan tí ó ń fi pa mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi kì í gbà," Awọ́nríwọ́n dáhùn. "N kì í bi í léèrè ni. Bí mo bá bi í, ó máa ní rárá. Kí ó tó lajú tán, mo ti gbé e dé ìdajì ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti máa ń ráhùn, ṣùgbọ́n ilé àti odò ti di ọgbọọgba."

Òjòlá rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Ó ní ara àgbà kì í ṣe ohun tí a ń jí gbé, pé ìwúrí ni àgbà máa ń dúró dè, ìwúrí tòun sì ti wà lọ́nà. Ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ kó lè dúró dè é dáadáa.

Ibi tí ó ti ń dúró de ìwúrí ni Ọ̀kùn bá a. Nígbà náà, Ọ̀kùn kò ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ńṣe ló ń yí gbirigbiri nílẹ̀ kiri igbó, bí èèpo igi tí atẹ́gùn ń gbá. Ó wá kí Balógun. Ó wo ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó nà sílẹ̀ tí wọn kò ṣe nǹkan kan, ó mí kanlẹ̀, ó ní ká ní òun ní irú rẹ̀ ni, òun ì bá ti rìn dé ibi tí odò ti ń ṣàn wá.

Òjòlá rántí ọ̀rọ̀ Àkàlà. Ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tinú tòde. Àkàlà ní kí ẹsẹ̀ rìn dé odò. Kò sọ pé kí ikùn bá a lọ.

"Ọ̀kùn," ó wí, "wá yọ ẹsẹ̀ mi. Máa bá mi rìn wọ́n dé odò láràárọ̀, kí o sì dá wọn padà kí n tó jẹun."

Ọ̀kùn ì bá dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ìrìn Òjòlá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní kùtùkùtù, Ọ̀kùn á dé, á yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á wọ̀ wọ́n, á sì gba ọ̀nà odò lọ. Òjòlá á yí ìhà padà, á máa bá oorun rẹ̀ lọ. Bí Ọ̀kùn bá padà, á ròyìn bí ọ̀nà ti rí, á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀bá odò yẹn le gan-an. Òjòlá á kérora, á ní ó le lóòótọ́, òun mọ̀ ọ́n lára.

"Ẹ kú iṣẹ́, Balógun," Ọ̀kùn á wí. "Ẹ rìn dáadáa lónìí."

Oúnjẹ wá di ìlọ́po méjì, nítorí pé ẹni tó ń rìn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun.

Kò pẹ́ tí Òjòlá di olùkọ́ni. Á jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, pẹ̀lú fìlà ìrìn lórí, á máa gba gbogbo ẹni tó ń kọjá nímọ̀ràn. Ó sọ fún Ekòló pé ara rẹ̀ ti dẹ̀ jù. Ó sọ fún Ìgbín pé ìwà ọ̀lẹ ló ń pa á. Ó pe àwọn ejò tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n wo òun bí àwòkọ́ṣe. Nígbà tí gbogbo wọn bi í bí ó ṣe ń ṣe é, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ dé ilé Ọ̀kùn. Kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó to àwọn kan sí ọ̀tún, ó to àwọn kan sí òsì, títí kò fi sí àyè lára rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń lọ sódò láàárọ̀, ẹni tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ á rò pé ọjà ló tú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń dá wọn padà kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀sán. Nígbà tó tún yá, kò dá wọn padà mọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jà, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ dìde.

Awọ́nríwọ́n pàdé Ọ̀kùn lójú ọ̀nà, ó sì dá ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò. Ẹsẹ̀ náà ti tín-ín-rín. Ó sáré wá sọ fún Òjòlá pé kí ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kíákíá, nítorí ó ti ń bá ara Ọ̀kùn mu ju tirẹ̀ lọ.

"Ẹsẹ̀ mi ń rù," Òjòlá wí. "Ṣé kì í ṣe ohun tí a ń wá nìyẹn?"

Ó ní ìlara ló ń da àbúrò òun láàmú. Awọ́nríwọ́n bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n gbé odidi àgbọ̀nrín wá fún Balógun, láti fi bá a yọ̀ fún ìlera rẹ̀. Jíjẹ ẹran lẹ́nu ti di iṣẹ́ lójú Òjòlá, nítorí náà ó gbé e mì bẹ́ẹ̀. Ó wá nà gbalaja, oorun gbé e lọ.

Àárín oorun yẹn ni ìjàlọ dé.

Wọ́n wá bí omi dúdú tó ń ṣàn láàárín koríko. Gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ sá. Ìjàlọ kì í kí Balógun, wọn kì í sì í bi ẹni tó bá sùn sílẹ̀ bóyá ó ti kú. Òjòlá jí nígbà tí wọ́n bu ìrù rẹ̀ jẹ. Ó fẹ́ dìde, kò rí ohun tí yóò fi dìde. Ìgbà náà ló rántí pé ẹsẹ̀ òun ti lọ rìn.

Ó figbe pe Ọ̀kùn. Ọ̀kùn ń sá kọjá lọ lọ́wọ́, ojú tì í, ó dúró. Òjòlá fi ẹnu já ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì gbà, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ta, wọ́n jà, wọ́n yọ bọ́ọ́lọ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì sá padà tọ ẹni tó ń rìn wọ́n. Èékánná méjì péré ló kù sí Òjòlá lára. Ọ̀kùn kò dúró mọ́.

Ìjàlọ ti gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá sí ojú rẹ̀. Ó rò pé ikú òun dé, lórí ẹní òun, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀fẹ́ nínú. Ẹ̀rù tí kò bà á rí bà á. Ó pe orúkọ àbúrò rẹ̀.

Awọ́nríwọ́n ti gòkè odò, ó ti bọ́ sí ibi tí ewu kò sí. Síbẹ̀ ó sáré padà. Ó la àárín ìjàlọ kọjá, ó fi ẹnu di ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó ń fà á. Òjòlá ní kí ó rọra, ọrùn ń dun òun.

Awọ́nríwọ́n fi ọrùn náà sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ó wí. "Ẹ fi àyà yín ti ilẹ̀. Èmi nìkan kò lè gbé yín."

Òjòlá fi àyà ti ilẹ̀. Ó tún un tì. Egungun ìhà rẹ̀ ń ké, òógùn bò ó, ìyẹn sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tó ti joyè. Awọ́nríwọ́n ń fà níwájú, òun ń tì lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ń nà. Ọrùn nà, ìbàdí nà, títí a kò fi mọ ibi tí ọrùn parí sí mọ́. Wọ́n já sínú odò papọ̀, omi sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjàlọ.

Ọjọ́ kejì ni Òjòlá fi àyà wọ́ ara rẹ̀ lọ bá Ọ̀kùn, ó ní kí ó kó ẹsẹ̀ òun wá. Ọ̀kùn ká ara rẹ̀ jọ rọbọtọ, ó fi gbogbo ẹsẹ̀ pamọ́ sínú. Ẹjọ́ dé iwájú Àkàlà. Àkàlà yẹ ẹsẹ̀ náà wò, wọ́n ti ta gbòǹgbò. Ó ní ẹni tó ń rin ẹsẹ̀ ló ni ẹsẹ̀, pé láti òní lọ kí ẹsẹ̀ má ṣeé yọ mọ́ lára ẹnikẹ́ni, nítorí òun ti rí ohun tí àwọn ẹranko ń fi ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kùn ti ní igba ẹsẹ̀, tí ó sì ń ká jọ bí a bá fọwọ́ kàn án, nítorí ó rò pé ẹni tó ni ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá gbà á. Ekòló, Ìgbín àti gbogbo ejò kò ní ẹsẹ̀ títí dòní. Awọ́nríwọ́n ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀, ó ṣì ń fi wọ́n rìn lẹ́bàá odò.

Láti ọjọ́ náà ni Òjòlá ti gùn gbọọrọ, tí ó ń fi àyà fà, tí èékánná kékeré méjì sì wà lẹ́bàá ìrù rẹ̀ tí kò wúlò fún ohunkóhun. Bí ó bá sì pa ẹran, kì í tètè gbé e mì mọ́. Àfi kí ó kọ́kọ́ yí igbó ká, kí ó wò ó bóyá ìjàlọ wà nítòsí. Eré ìmárale kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn, ó sì ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀.