Ta Ló Ṣí Ibodè Ìdòfẹ̀?

Ní ìlú Ìdòfẹ̀ láyé ọjọ́un, àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń hun aṣọ òfì, ṣùgbọ́n tí ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ wọn lọ. Abẹ́ igi osè ńlá kan lẹ́yìn ààfin ni wọ́n ta òfì wọn sí. Bí wọ́n ti ń ju ọ̀kọ̀ òwú láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí baba wọn. Wọ́n a jiyàn bóyá àwọn Tápà ló kọ́kọ́ gun ẹṣin tàbí àwọn Ìbàrìbá. Wọ́n a jiyàn bóyá òkun ní etí kejì, àti àwọn wo ló ń gbé níbẹ̀. Nígbà kan, odidi òwúrọ̀ ni wọ́n fi jiyàn lórí ohun tí ó pa ọba ìlú kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ yìí. Àwọn ìyàwó wọn a máa sọ pé bí iyàn bá jẹ́ iyán ni, ebi kì bá tí pa ẹnikẹ́ni nílé àwọn.

Láníhùn ni aṣáájú wọn. Orúkọ náà bá a mu, nítorí Ọlọ́run fún un ní ohùn, ó sì fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sínú rẹ̀. Bí ó bá ń sọ ìtàn ogun, ẹ ó rò pé òun ló gbé apó tẹ̀lé balógun. N kò ní gba ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù tó wà lára rẹ̀ ni pé kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti tó. Bí ó bá borí èèyàn nínú iyàn, tí onítọ̀hún ti gbà pé òun kò rí i sọ mọ́, Láníhùn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ìjókòó ni.

Iyàn kan wà tí wọn kì í fẹ́ parí. Ìyẹn ni ti ogun tó fọ́ Ìdòfẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wọn. Odi ìlú ga nígbà náà, yàrà rẹ̀ sì jìn. Àwọn ọ̀tá dó ti ìlú títí oúnjẹ fi tán nínú àpò wọn gan-an, wọ́n sì ti ń palẹ̀ mọ́. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ kan ṣe mọ́, tí ìlú jí, tí ibodè ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọ̀tá sì ti wà láàrin ọjà. Kò sí àpá àáké kan lára ilẹ̀kùn náà. Ẹnìkan ló ti inú ṣí i. Ta ni? Àwọn tó lè sọ ti kú, àwọn tí kò mọ̀ ló kù tí wọ́n ń jiyàn.

Ilé Oníbodè ṣì wà ní Ìdòfẹ̀. Opó kan tó ń mọ ìkòkò, Ọmọ́tádé, ló ń gbé ibẹ̀. Inú yàrá tí ó ń sùn ni oórì Oníbodè ìgbà ogun wà, nítorí inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí. Ní òwúrọ̀, kí Ọmọ́tádé tó fọwọ́ kan amọ̀, yóò da omi tútù sójú oórì náà, yóò kúnlẹ̀ kí baba ńlá rẹ̀, yóò sì ki oríkì ilé wọn:

"Ọmọ Aṣíbodè-fógun,
Ogun lọ, ogun bọ̀."

Oríkì yìí ni Láníhùn dì mú. Ó ní kí ni a tún ń wá? Ilé Oníbodè ti fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ tipẹ́tipẹ́, a kàn ń gbọ́ ọ bí orin ni. Ẹni tó bá ṣí ibodè fógun, ọ̀tá ló ṣí i fún. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn pé àwọn ọmọ Ìdòfẹ̀ tó ń jáde lọ jà náà, ogun là ń pè wọ́n. Pé àwọn wọ̀nyí ni Oníbodè ń ṣílẹ̀kùn fún, tí wọ́n lọ tí wọ́n sì bọ̀. Láníhùn rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀tá lọ nígbà tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, ọ̀tá bọ̀ nígbà tí wọ́n rí ẹni ṣí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó wá ra aṣọ gbé e lọ sílé, àwọn obìnrin gbé e dé odò, nígbà tó yá ó wọ ààfin.

Ọdún náà ni òjò kọ̀ tí kò rọ̀, àwọn ìjòyè sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní kò yẹ kí egungun ọ̀dàlẹ̀ sùn sínú ìlú tí ó dà. Nígbà tó sì jẹ́ pé àwọn ahunṣọ ni wọ́n mọ ìtàn, wọ́n ní kí wọ́n jókòó lé e lórí ní ọjọ́ ọjà. Bí wọ́n bá fẹnu kò pé Oníbodè ló ṣe é, wọn yóò hú u nínú yàrá Ọmọ́tádé, wọn yóò da egungun rẹ̀ sí igbó tí wọ́n ń sin òkú burúkú sí.

Bí ọ̀rọ̀ eré ṣe di ọ̀rọ̀ ọkọ́ nìyẹn. Ọmọ́tádé lọ bá Láníhùn nílé rẹ̀. Ó dàgbà jù ú lọ, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

"Àbúrò mi, ìwọ lo dá a sílẹ̀, ẹnu rẹ ni wọn yóò ti gbọ́ pé ó tó," ni ó wí. "Baba yẹn ni mo ní. N kò bímọ, ọkọ mi ti lọ. Bí wọ́n bá hú u, ta ni kí n máa kí tí ilẹ̀ bá mọ́?"

Ojú ti Láníhùn, mo mọ̀ pé ojú tì í, nítorí ó fà á dìde kíákíá. Ṣùgbọ́n ó ti rí i nínú ọkàn ara rẹ̀ bí gbogbo ìlú yóò ṣe pé jọ láti gbọ́ òun. Ó ní kí ìyá má bínú, ìtàn kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ́tádé nu ojú rẹ̀, ó sì lọ.

Ọjọ́ ọjà pé. Ọ̀sán gangan ni wọ́n jókòó, àsìkò tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún aláboyún pé kó má rìn níta. Afẹ́fẹ́ dúró. Àwọn ewúrẹ́ tó máa ń sùn sídìí igi osè ti dìde lọ, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló lé wọn. Àwọn tí yóò gbẹ́lẹ̀ ti gbé ọkọ́ lé èjìká. Ọmọ́tádé jókòó sórí ilẹ̀.

Láníhùn bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró. Ó tú oríkì náà palẹ̀. Ó ṣàpèjúwe odi, ó ṣàpèjúwe ebi, ó ṣàpèjúwe ilẹ̀kùn títí àwọn arúgbó fi ń sunkún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà fún un. Olóyè Jagun, tó ṣojú ọba, nàró, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti tó, kí wọ́n lọ ṣe ohun tó yẹ.

Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kú iyàn o."

Ọkùnrin kan ló jókòó sídìí òfì kan tó ṣófo. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó dé. Kíjìpá ni ó wọ̀, irú èyí tí wọn kì í hun mọ́, erùpẹ̀ pupa sì wà lára aṣọ náà, àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àti nínú irun rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ gba gbogbo abẹ́ igi. Ó ní òun gbọ́ ìtàn náà láti ibi tí òun wà, ó sì dùn mọ́ òun, àfi ibì kan tó kù.

"Òkùnkùn ni ogun fi wọ̀lú," ni àlejò náà wí. "Wọn kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Báwo ni wọ́n ṣe dá ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ̀, tí wọn kò fi pa á?"

Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ lórí nígbà náà, òjìji oníkálukú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀jẹ́labí, tí òfì rẹ̀ sún mọ́ ti Láníhùn, wo ilẹ̀ níwájú àlejò, kò rí òjìji kankan. Ó fa Láníhùn láṣọ, ó rọra sọ fún un pé kó jẹ́ kí àwọn máa lọ, Jagun ti dájọ́. Láníhùn já aṣọ rẹ̀ gbà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó sì mọ ìdáhùn. Báwo ni ó ṣe fẹ́ gbé e mì?

"Wọ́n kọ ọ́ nílà ni," ni Láníhùn wí. "Ìlà kan, ní ìbú, lábẹ́ àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ẹnu ibodè níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́. Wọn kò pe olóólà, wọn kò fi omi ìgbín sí i. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó awọ ẹran ni. Ilé tí wọ́n bá ti rí ẹni tó ní ìlà yẹn, wọ́n á fò ó kọjá."

"Ṣé ó ké?"

"Kò ké. Ó fi eyín di etí aṣọ rẹ̀ mú."

Àlejò náà mi orí. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Baba baba mi ni."

"Ta ló sọ fún òun?"

"Baba tirẹ̀ ni."

"Ó dára," ni àlejò náà wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ó sì dà bí ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. "Gbogbo ìlú ló sùn. Èmi alára sùn. Aládùúgbò mi kan ló gbé ọtí wá fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì jí mọ́. Àwọn ọ̀tá ti padà sí ilẹ̀ wọn. Nínú àwa ará Ìdòfẹ̀, ta ló wà lẹ́nu ibodè, tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n kọ nílà fi eyín di aṣọ mú?"

Ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó yí gbirigbiri lọ. Láníhùn jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, gbogbo èèyàn sì rí i pé ó ti mọ ẹni náà. Bí ó bá dákẹ́ níbẹ̀, bóyá àánú ìbá ṣe àlejò náà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò dákẹ́ rí, ibo ni yóò ti kọ́ ọ?

"Wọ́n ní," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n ní kì í ṣe..."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ là. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Ìlà náà ṣí díẹ̀díẹ̀, ní ìbú, lábẹ́ àbàjà rẹ̀, bí ìgbà tí olóólà bá ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ funfun tó wà lójú òfì rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó wo ọwọ́ náà, ó tún lanu láti ṣàlàyé pé òun kò mọ nǹkan kan, pé ìtàn lásán ni. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń jáde ni ìlà náà ń gùn sí i, ó ń lọ sí ìdí etí. Ẹ̀rù bà mí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀jẹ́labí fò mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ó ṣí ọwọ́, Láníhùn ní, "Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀..." ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n já aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú òfì, wọ́n fi di ẹnu ọkùnrin náà mọ́ orí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni nídìí òfì tó ṣófo. Ọmọ́tádé nìkan ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tí ó ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà tó ń lọ sílé.

Ìlú kì í pẹ́ yí padà. Àwọn tó gbé ọkọ́ lé èjìká ti kọjú sí ilé Láníhùn, wọ́n ní oórì baba ńlá tirẹ̀ ni kí àwọn hú. Ọmọ́tádé dìde, ó lọ dúró sí ojú ọ̀nà.

"Ẹ kò ní hú òkú kankan," ni ó wí. "Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fi ọwọ́ lé oórì baba mi sùn, kí wọ́n má baà jí i gbé lójú oorun mi. N kò fẹ́ ẹ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣí i ti kú, ẹni tí wọ́n ṣí i fún ti kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn."

Jagun ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wọn padà sílé.

Láníhùn yè é. Ó padà sídìí òfì, aṣọ rẹ̀ sì dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn yòókù bá ń jiyàn, tí ọ̀rọ̀ sì gbóná sí i lọ́fun, àpá náà yóò pọ́n, yóò sì máa yún un, òun náà yóò fi etí aṣọ bo ẹnu. Bí àlejò bá béèrè ohun tó kọ ọ́ nílà bẹ́ẹ̀, kò lè sọ. Àwọn àgbà ló ń bá a sọ ọ́: wọ́n ní kò sí ẹni tó bi í léèrè ilé tirẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀, Jagun gan-an ti ní ó tó. Wọ́n á wá fi ọwọ́ tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọn á rọra sọ ọ́ bí a ti ń sọ ọ́ dòní olónìí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.