Ọkọ́ Tó Dúró Lóko ní Ìrẹ́rẹ́

Ohun tó dé bá àwọn ará Ìrẹ́rẹ́ lọ́dún náà kì í ṣe ogun, kì í ṣe ọ̀dá. Òfin ni. Ọba Adélọ́wọ̀ rí i pé epo pupa ń ṣàn lọ sí etí òkun bí omi, ó sì gbin oko ọ̀pẹ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Ọwọ́ tí yóò ro ó ni kò rí. Ta ni yóò wá ṣe alágbàṣe nígbà tí gbogbo ilé ní àáró tirẹ̀? Lónìí wọn á bá mi kọ ebè, lọ́la mà á bá ọ kọ tìrẹ, ebi kì í pa ẹnikẹ́ni débi tí yóò máa wá ọ̀gá kiri. Ọba rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní àáró gan-an lọ̀tá. Akéde wá kéde pé wọn kò gbọdọ̀ rí ènìyàn méjì lóko kan náà mọ́, oko tí ebè rẹ̀ kò bá sì pé kí òjò kẹta tó rọ̀, ti ààfin ni.

Mo ti rìn púpọ̀, mo sì ti gbọ́ ìtàn ọba tó fi idà gba ilẹ̀. Èyí tó fi ọ̀rọ̀ lásán gbà á ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Kí oṣù tó lé, alágbára ń dá kọ tirẹ̀ láìwẹ̀yìn, orin oko dákẹ́, àwọn aláìlera sì ń fi ilẹ̀ bàbá wọn sílẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà oko ọ̀pẹ lọ.

Akíntẹ́lú ni olórí àáró nígbà náà: Akíntẹ́lú ọlọ́kọ́ gígùn, a-jí-kí-ilẹ̀-tó-jí, gìrìpá tó bá òkúta jà tí òkúta bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Oko Yéyé Olúfọ́nkẹ́, opó tí orúnkún ń dùn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tirẹ̀. Ìyá náà kò dákẹ́ fún un.

“Olórí àáró tí kò láàáró,” ló wí, “kí lo fi yàtọ̀ sí ìkòkò tí kò nídìí?”

Akíntẹ́lú kò bínú. Ó ní kí ìyá tún ohun tí akéde wí sọ, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ìyá tún un sọ. Ó bi í bóyá akéde wí pé kí wọ́n má ran ara wọn lọ́wọ́. Ìyá ní rárá, ó ní wọn kò gbọdọ̀ rí ènìyàn méjì ni. Akíntẹ́lú rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá máa lọ sílé, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó kọ ogún ebè, ó gún ọkọ́ náà sínú ebè, ó kọjú ẹ̀rúkọ́ sí ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ti bá àwọn aláàáró yòókù sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọkọ́ tó bá dúró báyẹn ń pe ẹni tó kàn. Bó ti pẹ̀yìn dà, ẹlòmíràn tó ń kọjá yà wọ oko náà, ó bá ọkọ́ náà lórí ìdúró, ó kọ ogún tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lóko gbogbo aláìlera.

Ọjọ́ méje làwọn ẹmẹ̀wà Ọba fi lúgọ nínú igbó. Wọn kò rí ènìyàn méjì rí. Kí òjò kẹta tó rọ̀, ebè pé, Ọba fúnra rẹ̀ sì wá síbẹ̀. Ó bi ìyá pé ta ló kọ ebè wọ̀nyí.

“Kábíyèsí, ọkọ́ yẹn ni.”

Akíntẹ́lú tó ń kọjá lọ dọ̀bálẹ̀ lójú ọ̀nà. “Kábíyèsí, ẹ ní ká má pé méjì, a kò pé méjì. Ẹ kò ní kí ọkọ́ sinmi. Bí ẹ bá ń fẹ́ wa lóko ọ̀pẹ, ẹ pe gbogbo wa pọ̀, ká jọ sọ bí a ó ṣe ṣe é. A kò ní wá lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́.”

Ọba fa ọkọ́ náà yọ. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá a padà sínú ebè bó ṣe bá a, ẹ̀rúkọ́ kọjú sọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ aláàáró sí ààfin, wọ́n sì jókòó lórí ẹní kan náà, wọ́n jọ sọ bí wọn yóò ṣe ro oko ọ̀pẹ.

Òfin náà ńkọ́? Ọba kankan kò fagi lé e títí dòní. Àwọn ará Ìrẹ́rẹ́ kò sì bẹ̀ ẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbé ọkọ́ relé. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà oko, ọ̀kan á bèèrè pé, “Ọkọ́ ńkọ́?” Èkejì á ní, “Ó wà lórí ìdúró, ó ń retí rẹ.”