Àwòrán Ẹ̀rọ Kì í Yan Gàrí

"Àwòrán ẹ̀rọ kì í yan gàrí." Bí ẹ bá dé ìlú Ayédára, ẹ ó gbọ́ òwe yìí kí ẹ tó jókòó tán. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀, wọ́n sì ń pa á fún ọmọge tó fẹ́ fẹ́ ẹni tó rí nínú fóònù. Àbí ẹ̀yin náà mọ orísun rẹ̀? Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ ìlú léèrè, wọ́n á ní àwọn bàbá ńlá àwọn ló pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ńlá ta ló mọ ẹ̀rọ tí ń yan gàrí? Òwe náà kò tíì pé ogún ọdún, ilé tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ pa á ṣì wà lẹ́yìn ilé ìwé gíga ìlú náà.

Ilé Akínlàjà ni. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Akínlàjà kó tó fẹ̀yìn tì, Tísà sì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ohun tó fẹ́ràn jù ni ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, irú èyí tí wọ́n fi èdè tó rọrùn kọ fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìbàdàn ló máa ń dì wọ́n ránṣẹ́ sí i. Tísà kì í kà wọ́n lásán. Bó bá rí ohun tuntun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe, a máa bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni yóò nílò èyí ní ọdún márùn-ún sí i? Ta ló ń ṣe é? Ǹjẹ́ a lè bá wọn dá owó sí i?" Òun ló kọ́kọ́ kà nípa àtùpà tó ń gba agbára lọ́wọ́ oòrùn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ ní Ayédára. Ó gba ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, tí òun jẹ́ akọ̀wé fún, níyànjú pé kí wọ́n kó o wá tà. Èrè ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé ẹgbẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tí Tísà bá ti kà ti di òdodo lójú wọn.

Lọ́jọ́ kan, Tísà ṣí ìwé kan, ó rí àwòrán ẹ̀rọ funfun kan tó ń dán gbinrin. Dígí ńlá wà lórí rẹ̀, agbada irin wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní ooru oòrùn nìkan ni yóò máa fi yan gàrí, láìsí igi, láìsí èéfín. Ọkàn Tísà sọ kúlú. Àjíún, ìyàwó rẹ̀, ti ń yan gàrí láti ọgbọ̀n ọdún. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, ikọ́ rẹ̀ kì í sì í tán. Tísà mú bírò pupa, ó ń fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà wà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ra ìpín níbẹ̀. Tísà kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n fèsì kíá pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ làwọn yóò gba owó mọ.

Ó sọ fún ẹgbẹ́. Ayọ̀ ṣubú layọ̀. Màmá Fẹ́yíṣàrà, ìyá ẹgbẹ́, ní, "Tísà wa, ẹ̀yin lojú tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán. Gbogbo ohun tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ kó lọ." Gbogbo wọn nawọ́ sókè. Ìbuwọ́lùwé Tísà nìkan ló kù.

Ìgbà náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Tísà. Bó bá jáde, àwọn obìnrin á ké sí i lókèèrè pé, "Tísà, ẹ̀rọ wa ńkọ́?" Á rẹ́rìn-ín, á sì yára kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn, Ṣìjúwọlá, ti ta agbada rẹ̀ nítorí pé kò ní í wúlò mọ́. Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé: Bí kò bá rí bí mo ṣe wí i ńkọ́?

Ní Ọjọ́rú, Àjíún jókòó tì í. "Bàbá Déboyè, kí ló ń jẹ yín níyà?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ gbé ìwé yẹn wá, kí n wò ó."

Àjíún kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ àwòrán náà títí. Ó wá bèèrè pé, "Gàrí tí wọ́n yan dà?"

"Gàrí wo? Ẹ̀rọ ni wọ́n fi hàn."

"Agbada yìí ti mọ́ jù. Láti ìgbà tí mo ti ń yan gàrí, n ò rí agbada tí ẹ̀gẹ́ kàn rí tó ń dán báyìí. Wọn ò tíì yan nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwòrán lẹ rí, Bàbá Déboyè. Àwòrán ẹ̀rọ kì í yan gàrí."

Inú bí Tísà. "Àjíún, nítorí tìẹ ni mo ṣe ń ṣe wàhálà yìí!"

"Mo mọ̀. Ohun tí ò jẹ́ kójú yín ríran nìyẹn."

Nígbà tí obìnrin náà dìde, Tísà tún ìròyìn náà kà, ó rọra kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Láàárín gbogbo ilà pupa rẹ̀, ó rí gbólóhùn kan tí kò fa nǹkan kan sí nídìí: "bí ìdánwò tó ń lọ lọ́wọ́ bá yọrí sí rere." Ìwé kò purọ́ fún un. Òun ló fò ó kọjá.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Àpò ẹ̀gẹ́ tí Àjíún ti rin, tó ti fún gbẹ, tó sì ti kù wà lórí itan rẹ̀. Nílé-iṣẹ́ náà wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un ní ohun mímu tútù, wọ́n sì kó àwòrán mìíràn fún un. Tísà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yan èyí."

Ọ̀gá wọn ní ohun kan ń ṣe ẹ̀rọ, kí bàbá padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé, nígbà tí owó á ti wọlé! Tísà kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Níkẹyìn, ẹnjiníà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń jẹ́ Ìbídùn, mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó sì da ẹ̀gẹ́ náà sínú agbada. Wọ́n dúró fún wákàtí kan gbáko. Ẹ̀gẹ́ náà kàn lọ́wọ́ọ́wọ́, ó wá lẹ̀ mọ́ra bí àtè.

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ooru rẹ̀ ò tíì tó. A ṣì ń wá ọgbọ́n sí i. Ó lè gbà wá lọ́dún márùn-ún, ó sì lè má ṣeé ṣe. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀gẹ́ wá."

Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé. Tísà sọ gbogbo rẹ̀ láìfi kan bò. Ṣìjúwọlá bú sẹ́kún. Màmá Fẹ́yíṣàrà wo Tísà. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún wa ni?"

"Èmi ni, Màmá. Ohun tí mo kà ni mo sọ. N ò tíì rí i."

Kò buwọ́ lùwé. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló bà á, àwọn kan ní ó fẹ́ dá jẹ ẹ́. Àwọn mọ́kànlá nínú wọn gba ìpín tiwọn nínú àpò ẹgbẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Fún oṣù mẹ́rìnlá, ọkàn Tísà kò balẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́, òun ló dí ìlú lọ́nà; bí kò bá ṣiṣẹ́, obìnrin mọ́kànlá gbé. Nígbà tí ìròyìn dé pé ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, kò yọ̀. Ó sunkún.

Tísà kò sì jáwọ́ nínú ìwé kíkà. Nínú òmíràn ló ti rí ààrò alámọ̀ tó ń gba èéfín jáde lórí òrùlé. Lọ́tẹ̀ yìí, òun àti Àjíún jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń lò ó ni, Àjíún sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan gàrí nídìí rẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán kó tó ní kí ẹgbẹ́ san kọ́bọ̀. Ti Ṣìjúwọlá àti ti àwọn mọ́kànlá ni Màmá Fẹ́yíṣàrà ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ. Ikọ́ Àjíún fúyẹ́ kí ọdún náà tó yí.

Bí òwe náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà Ayédára kì í fi í dá ẹni tó ń wá ìmọ̀ dúró, nítorí pé ìwé kíkà ló ń júwe ọ̀nà. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn ohun rere, tó sì fẹ́ ki owó, ọmọ tàbí orúkọ rẹ̀ bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, òun ni wọ́n ń pa á fún. Wọ́n á ní kó lọ wo ohun náà lẹ́nu iṣẹ́ ná, torí pé àwòrán ẹ̀rọ kì í yan gàrí.