Mosúnmọ́lá kó Kíláàsì Sínú Oòrùn
Méjọ̀ Agbóọlá, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ aṣáájú ológun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì gbà pé Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin tín-ín-rín tó ń kọ́ ìmọ̀ ọjà títà, lè darí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó sọ fún un pé: "Kó gbogbo kíláàsì kúrò lábẹ́ igi yìí lọ sínú oòrùn. O ò gbọdọ̀ pàṣẹ, o ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ ṣèlérí ohunkóhun. Bí o bá kùnà, wábi gbà kúrò ní kíláàsì mi." Mosúnmọ́lá mú okùn, ó fi sàmì yí ibi kékeré kan ká láàárín pápá, nínú oòrùn, ó sì dúró sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ọmọkùnrin kan wá bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ó rọra fèsì pé: "Àwọn yòókù ò tíì mọ̀. Ibí ò lè gbà wá tán." Ọmọkùnrin náà bá wọnú okùn. Bí àwọn tó kù ti rí i, wọ́n sáré dé, wọ́n ń ti ara wọn. Méjọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ lànà dé iwájú, ó ní: "Kí ni wọ́n ń pín níbí?" Mosúnmọ́lá kí i bí ológun, ó ní: "Ẹ wẹ̀yìn, sà. Kò sẹ́ni tó kù lábẹ́ igi mọ́." Méjọ̀ wẹ̀yìn, ó nu òógùn ojú, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo wọn padà síbòji. Ẹnì kan ò mira. Wọ́n ṣì ń retí ohun tí wọ́n fẹ́ pín.