Iyanrìn Tí Kò Lẹ̀ Mọ́ Ara

Iyanrìn ò ní eyín, ó ń di oníjà mú.
Omi ìgbín ò ní ọwọ́, ó ń já èèyàn sílẹ̀.
A dífá fún Láníhùn, ọmọ agbolé Agbẹ́jà, ní ọjọ́ tí ó ń fomi ojú ṣe ìráhùn pápá ìjàkadì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní ìlú Òkè-Ìrá, ẹnikẹ́ni kì í wọ pápá ìjàkadì láì fi iyanrìn pa ara, kí ọwọ́ ẹnìkejì lè rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n Kújọrẹ́, tó ń kọ́ àwọn oníjà Agbẹ́jà, gbọ́n ju òfin lọ. Omi ìgbín ló kọ́kọ́ ń fi ra wọ́n lára. Bí wọ́n bá dé pápá, iyanrìn a gbọ̀n dànù, ọwọ́ a yọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ọ̀pá ìṣẹ́gun fi wà nílé wọn.

Àṣírí tú. Kí ọba tó ránṣẹ́ pe Kújọrẹ́, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó wà nílùú kejì, ó ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ó ń jẹ iyán. Ta ni ìyà wá kù fún? Ọba ní agbolé Agbẹ́jà kò gbọdọ̀ tẹ pápá fún ọdún mẹ́ta, àti ẹni tó fi omi ìgbín ra ara, àti ọmọ tuntun tí kò tíì jà rí. Háà! Ṣebí ẹni tó bá jẹ gbì ló ń kú gbì?

Láníhùn kò jà rí. Ọdún tó kàn án gan-an ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bó bá gbúròó ẹsẹ̀ àwọn oníjà láti pápá, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà a máa janlẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní, "Láníhùn, jẹun."

Ó ní, "Ìyá mi, ebi kọ́. Ó ń wù mí kí ọwọ́ oníjà dì mí mú, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Agbára ọ̀dọ́ kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń kó sábà."

Ó tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kí òun àti àwọn oníjà agbolé rẹ̀ rú ìgbín mẹ́ta àti iyanrìn odò. Wọ́n wá tẹjú mọ́ ọn: "Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ. Òun gan-an lolórí ẹbọ."

Òótọ́ sì ni. Òun ló ń gbé igbá iyanrìn fún àwọn oníjà wọn. Láti ọdún kìn-ín-ní ló ti rí i pé iyanrìn kò lẹ̀, ó sì panu mọ́. Àwọn oníjà náà ní, "Ìyà tó ń jẹ wá yìí ò wá tó ẹbọ ni?" Wọ́n kọ̀, wọn ò rú.

Láníhùn rú tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ọba. "Kábíyèsí, mo rí i, n kò sọ. Ìyà tèmi tọ́ sí mi. Àwọn ọmọ tó dé lẹ́yìn wa ò mọ nǹkan kan."

Ọba ní, "Igi kan ni mo fi na gbogbo yín. Kò dáa. Bí n ò bá sì na ẹnikẹ́ni, ta ni yóò tún ka iyanrìn sí?" Ó ní kí wọ́n dá ọ̀pá ìṣẹ́gun padà. Ó dá àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó fi omi ìgbín ra ara yóò pé ọdún mẹ́ta wọn. "Ìwọ Láníhùn, ọdún méjì. Igbá yẹn náà ni wàá máa gbé."

Ọdún méjì ló fi ń bu iyanrìn sẹ́yìn oníjà ẹlòmíràn. Yóò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lẹ̀. Yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa wo pápá bí ẹni ń wo ilé ìyá rẹ̀ lókèèrè. Àárò ohun tí kò tíì ní rí ń sọ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi!

Lọ́dún kẹta ó fi iyanrìn pa ara tirẹ̀. Ajíṣafẹ́ ló bá a jà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó bẹ̀bẹ̀ fún. Ajíṣafẹ́ dì í mú lápá. Ọwọ́ náà kò yọ̀. Omi bọ́ lójú Láníhùn. Kó tó nù ún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kanlẹ̀, gbì! Níbi tó nà sí, ẹ̀rín ló ń rín.

Ọba fi í jẹ Oníyanrìn, ẹni tó ń yẹ iyanrìn wò lára; kò sí oníjà tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ kàn kó tó wọ pápá. Àwọn tó kọ ẹbọ náà pé ọdún mẹ́ta wọn. Wọ́n dé pápá, kò sẹ́ni tó gbà láti bá wọn jà.

Láníhùn ní bẹ́ẹ̀ làwọn awo òun wí. Ẹni tó rú ti ìgbín, tí kò rú ti ẹnu, ààbọ̀ ẹbọ ló rú. Òun rú méjèèjì, ọwọ́ sì dì í mú.