Ìgò Kẹta Ọdẹ́jìnmí

Ọmọ ìyá kan náà ni Sàlákọ̀ àti Ọdẹ́jìnmí, ní ìlú Òkèràwé tó wà lójú ọ̀nà Kétu. Sàlákọ̀ ni ẹ̀gbọ́n. Àgbẹ̀ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ohun tó bá wọ̀ ọ́ nínú kì í tètè jáde. Ọdẹ́jìnmí ní tirẹ̀ kò lè jókòó sójú kan. Kò tíì hu irùngbọ̀n tó fi gba Àjàṣẹ́ lọ, tó lọ ń bá òyìnbó Faransé kan tó ń ra epo pupa ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá wọn kú. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, kò wá. Ó ní ọ̀gá òun kò yọ̀ǹda òun. Sàlákọ̀ nìkan ló dúró lẹ́bàá sàréè, tí àwọn ènìyàn ń bi í pé àbúrò rẹ̀ dà. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé Ọdẹ́jìnmí láéláé. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dun ènìyàn, torí kò sí èyí tó jẹ́ ènìyàn burúkú nínú àwọn méjèèjì.

Yàrá ọtí ni Ọdẹ́jìnmí ń tọ́jú lọ́dọ̀ òyìnbó yìí. Kì í ṣe emu, kì í ṣe ògógóró. Ọtí pupa tí wọ́n fi èso àjàrà ṣe ni, tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti ilẹ̀ wọn. Àwa tí emu òwúrọ̀ ti ń kan mọ́ wa lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé ọtí kan wà tó jẹ́ pé bó ṣe ń pẹ́ ló ń dára sí i, a óò ní irọ́ ló ń pa. Ọdẹ́jìnmí náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ti ń tọ́ ọ wò: kí ó gbé ife sójú ìmọ́lẹ̀ kí ó wo àwọ̀ rẹ̀, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó wá fa díẹ̀ sẹ́nu, kí ó má sì tètè gbé e mì. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fún un ní ìgò mẹ́ta.

“Ọtí yìí ṣì le,” ni òyìnbó náà wí. “Tẹ́ ẹ sílẹ̀ síbi tó tutù, tó sì ṣókùnkùn, má sì dà á láàmú. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò máa rọlẹ̀, ọtí fúnra rẹ̀ yóò sì máa rọ̀. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ mu ún, rọra dà á, kí o fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò.”

Ọdẹ́jìnmí délé, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Sàlákọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí àbúrò rẹ̀ fi dìde lọ. Inú Ọdẹ́jìnmí bàjẹ́, ó gbẹ́ ihò sínú yàrá tí oòrùn kì í dé, ó sì tẹ́ ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi lè mú sùúrù mọ́, ó ṣí ọ̀kan. Ọtí náà fa ahọ́n rẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, ó tu ú síta. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó ṣí èkejì, lọ́jọ́ tí wọ́n sọ àkọ́bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ìyẹn ti rọ̀, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀.

“Ẹ̀kẹta dà?” ni ìyàwó rẹ̀, Ìbídùn, bi í.

“Ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ọtí yẹn tó rọ̀ tán, inú wọn á ti rọ̀.”

Ìyá Ẹfúnkẹ́, àbúrò bàbá wọn obìnrin, ló ń bá a bẹ Sàlákọ̀. Ìyá àgbà yìí mọ ènìyàn bẹ̀. Kò dárúkọ òkú ìyá, kò dárúkọ Àjàṣẹ́. Yóò kàn gbé àkàrà lọ fún Sàlákọ̀, yóò bá a sọ̀rọ̀ iṣu, nígbà tó bá sì ń lọ, yóò ní, “Àbúrò rẹ kí ọ o.” Bó ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà ọyẹ́ dé ìgbà òjò, lọ́dọọdún, títí tí Sàlákọ̀ fi ní, “Ó dáa. N óò yà síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní pẹ́.”

Nígbà tí wọ́n sọ fún Ọdẹ́jìnmí, ó sunkún. Ó gbé ìgò kẹta dúró láti ìṣẹ́jú náà, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọlẹ̀ dáadáa kí ọjọ́ ọjà tó pé.

Ọjọ́ pé, Sàlákọ̀ dé. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ fìlà. Àwọn ẹbí jókòó yí i ká. Ọdẹ́jìnmí gbé ìgò jáde lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì yọ èdídí rẹ̀.

Ní Òkèràwé, ẹni tó bá gbé emu síwájú àlejò gbọ́dọ̀ mì ín níṣojú rẹ̀ kí ó hó. Emu tí kò bá hó, yálà wọ́n ti bu omi sí i ni, tàbí ó ti kú. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó gbé e wá yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀.

Sàlákọ̀ wo ìgò náà. “Kí ló dé tí kò hó?”

“Ẹ̀gbọ́n, irú rẹ̀ kì í hó.”

“Ọtí wo ni kì í hó? Ọtí tó ti kú lo pè mí wá mu?”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá Ẹfúnkẹ́ yára sọ̀rọ̀: “Sàlákọ̀, ṣe sùúrù. Ọdẹ́jìnmí, rọra máa dà á, ọmọ mi. Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀.”

Ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí ti rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ lé orókùn bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ẹ̀rù bà á. Gbogbo ohun tí òyìnbó kọ́ ọ fò lọ lórí rẹ̀, àṣà ilé nìkan ló kù. Ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu ìgò, ó sì mì ín jìgìjìgì, bí ẹni tí yóò fi tipátipá mú kí ó hó. Ó bu ife kún, ó gbé e fún Sàlákọ̀. Nínú ìwàǹwára yẹn, kò rántí kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sójú ìmọ́lẹ̀: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú, kíkorò, bí iyanrìn.

“Erùpẹ̀,” ni Sàlákọ̀ wí. “O kò wá bu erùpẹ̀ sí sàréè ìyá wa. Èmi lo wá ń fún ní erùpẹ̀ mu.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná—”

Ó ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́jìnmí rọra da ìyókù ìgò náà sínú ife. Ó ti tòrò. Ó tọ́ ọ wò: ó rọ̀, ó tutù lọ́fun, ó dùn ju ohunkóhun tó ti tọ́ wò rí láyé rẹ̀. Ó gbé ife náà la ìlú já, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀, títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà Sàlákọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ kàn tọ́ ọ wò.”

Sàlákọ̀ dáhùn láti inú ilé. “Gbé e padà, Ọdẹ́jìnmí. Mo ti tọ́ ọ wò lánàá.”

Sàlákọ̀ kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, Ọdẹ́jìnmí wà lẹ́bàá sàréè, ó ń ké bí ọmọdé. Ìyá Ẹfúnkẹ́ dì í mú, kò bá a wí. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, òun náà ni àwọn tó dúró níbẹ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, tó sì di ohun tí àwọn àgbà ń pa lówe títí dòní pé: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.